Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ewì Yẹ́ Àdúgbò Àtijọ́ Sí, Láti Ìwádìí Títí Dé Orí Ìtàgé

“Àdúgbò wa ti pẹ́, ó sì ní ìtàn. A fẹ́ fi ewì yẹ́ ẹ sí. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?” Lemọ́lemọ́ ni ìbéèrè yìí ń wá, yálà láti ọ̀dọ̀ akéwì tó fẹ́ dá kọ ewì kan, tàbí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣètò odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Gègé kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, etí ni yóò tẹ̀ lé e. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Orúkọ ló ya ewì tó kì àdúgbò sọ́tọ̀ kúrò lára ewì tó kàn ń pọ́n ọn. Ẹ wo bí oríkì ṣe ń ṣe é: kì í sọ pé ẹnì kan dára títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orúkọ ni yóò máa dà sílẹ̀, ìṣe ni yóò máa tọ́ka sí, títí orí ẹni tí wọ́n ń kì yóò fi wú. Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orúkọ ni à ń lé kiri.

Ẹ fún iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ 8: 3 fún ìwádìí, 2 fún kíkọ, 2 fún ìdánrawò, 1 fún ètò ìkẹyìn. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ dín ti ìdánrawò kù. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ti ìwádìí.

## Ẹ kọ́kọ́ pààlà

Àdúgbò tó tóbi jù ló ń ba ewì jẹ́ kó tó di pé wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kì gbogbo ìlú yóò bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ohun tí gbogbo ayé lè sọ. Ẹ yan ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn yí ká láàárín ìṣẹ́jú 20: òpópónà kan, ìkóríta kan, àgbàlá kan àti àwọn ilé tó yí i ká. Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì rí i:

- Ìgbà wo ni à ń sọ̀rọ̀ lé? Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ìgbà tí ọjà rẹ̀ gbóná, àbí òde òní?
- Ta ni yóò jókòó síwájú wa? Onílé ni àbí àlejò?
- Èdè wo, ẹ̀ka èdè wo, ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ní òpópónà, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé?

Lórí ìbéèrè kejì, ẹ kọ ewì náà fún onílé. Bí onílé bá rẹ́rìn-ín, àlejò yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ fún àlejò, onílé á yán, á sì máa wo aago.

## Ìwádìí: ibi tí ewì gan-an ti ń wá

1. Ẹ rin àdúgbò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀nà kan náà. Lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, lọ ní ọ̀sán, lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní ìrìn àkọ́kọ́, ẹ má kọ nǹkan kan. Ní ìkejì, orúkọ nǹkan nìkan ni kí ẹ kọ, kò sí àpèjúwe: ilẹ̀kùn, gọ́tà, pákó, àtẹ̀gùn. Ní ìkẹta, ohùn àti òórùn nìkan. Bí ẹ bá ń kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ni yóò gba gbogbo àyè, etí àti imú kò ní rí nǹkan sọ.

2. Ẹ kó orúkọ 40 jọ. Orúkọ òpópónà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò jù ni orúkọ tí kò sí lára pátákó kankan: ohun tí àwọn ọmọdé ń pe igun kan, ìnagijẹ ilé aláwọ̀ kan, ibi tí èrò máa ń sọ fún awakọ̀ pé “ẹ sọ̀ mí síbẹ̀ yẹn” tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Bí ẹ kò bá pé 40, ẹ kò tíì rìn tó.

3. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sórí máàpù. Nínú musíọ̀mù District Six ní Cape Town, lórílẹ̀-èdè South Africa, ilẹ̀ yàrá ni wọ́n tẹ́ máàpù àdúgbò náà sí. Àwọn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1966 fi ọwọ́ ara wọn kọ ibi tí ilé wọn wà sórí rẹ̀. Ẹ lè ṣe èyí lọ́nà kékeré: ẹ tẹ máàpù náà sórí ìwé ńlá mẹ́rin tí ẹ lẹ̀ pọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì níbi tí èrò ti ń kọjá, ẹ so gègé mọ́ ọn. Ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè yóò fi ìka tọ́ ilé kan, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ẹ dúró tì í kí ẹ gbọ́; ohun tí wọ́n bá ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sábà máa ń dùn ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

4. Ẹ fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 5 lẹ́nu wò, ó kéré tán. Kí gbogbo wọn má jẹ́ àgbà. Ẹ wá ọ̀kan tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, àti ọ̀kan tó ti kó lọ. Ẹni tó kó lọ ló máa ń rántí nǹkan tí àwọn tó kù kò rí mọ́.

Ẹ má béèrè pé “báwo ni àdúgbò yìí ṣe rí láyé àtijọ́?” Ìdáhùn tí ẹ ó gbà ni pé “ó dára, ayé dẹrùn,” ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní èyí tó ní igun:

- Ilé wo ni ẹ máa ń sáré kọjá nígbà tí ẹ wà ní kékeré?
- Ariwo wo ni ẹ kì í gbọ́ mọ́?
- Bí ẹ bá ń júwe ilé yín fún àlejò, kí ni ẹ máa ń ní kó wò?
- Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí ní òpópónà yìí, báwo ni ẹ sì ṣe ń mọ̀?
- Kí ni wọ́n ń pe ibí yìí kí wọ́n tó gbé pátákó wá?

5. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ dáadáa. Fóònù tó. Ẹ gé e kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má baà já ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ẹ gbé e sórí aṣọ tí ẹ ká, 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì lásán, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kan tábìlì ni yóò máa dún bí ìlù. Tí ọ̀rọ̀ bá parí, ẹ má pa á kíákíá. Kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ohùn ibẹ̀ lásán sílẹ̀. Ẹ ó nílò rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi ohùn àdúgbò sábẹ́ ewì.

6. Ẹ gba àṣẹ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni náà sọ ọ́ lórí ohùn pé òun gbà, kó mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, bóyá ẹ ó dárúkọ òun, àti ọjọ́ tí òun ṣì lè sọ pé òun kò ṣe mọ́. Àṣẹ tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán sábà máa ń di ìjà.

7. Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì fún ọdún àti orúkọ. Ìrántí ń yí ọdún padà. Bí ẹni kan bá ní ilé kan jóná ní ọdún báyìí, ẹ wá ẹlòmíràn tàbí ìwé ìròyìn ìgbà náà. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, ẹ má ṣe yan èyí tó wù yín. Ẹ fi méjèèjì sínú ewì: “àwọn kan ní iná ni, àwọn kan ní òjò ni.” Àríyànjiyàn náà jẹ́ ti àdúgbò, ẹ kò sì ní gba ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ilé. Ẹ ya àwòrán gbogbo ilé tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ nínú ewì, ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Àmì ìdáàbòbò kì í dá katakata dúró: ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar l’Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

## Kíkọ: ẹ má yìn ín, ẹ dárúkọ rẹ̀

Ẹ wo ìlà mẹ́ta yìí, irú èyí tó kún ilẹ̀:

> Àdúgbò wa, àdúgbò rere,
> Àdúgbò tó rẹwà bí òdòdó,
> Ìtàn rẹ kò ní parẹ́ láéláé.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ mú orúkọ àdúgbò yín kúrò, ẹ fi ti ìlú mìíràn sí i. Bí ewì náà bá ṣì dúró láìmì, kò tíì kì ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo èyí:

> Òpópónà olókùúta, níbi tí aránṣọ
> ti ń fi etí mọ oníbàárà.
> Bí bàtà bá ta kókó lórí òkúta kẹta,
> àlejò ló dé.
> Onílé mọ̀ pé òkúta kẹta ń mì,
> onílé a fò ó kọjá.

Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ òkúta náà. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kì í ti inú orí wá. Inú ìrìn ẹlẹ́ẹ̀mẹta àti ẹnu àwọn ènìyàn 5 yẹn ló ti ń wá.

Ìgbésẹ̀ kíkọ nìyí:

1. Ẹ yan ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni, àbí ilẹ̀kùn, àbí òpópónà fúnra rẹ̀? Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ń sọ̀rọ̀, kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìkóríta, àfi bí ẹnì kan bá gbé ìròyìn náà gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ìdíwọ́ yìí ló ń mú ewì gún régé.
2. Ẹ yan ipa ọ̀nà. Láti àárọ̀ dé alẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀, tàbí láti orí ìyá àgbà dé orí ọmọ-ọmọ. Olùgbọ́ kò ní ìwé lọ́wọ́. Bí ọ̀nà bá daru, kò lè padà sẹ́yìn láti tún un kà.
3. Ẹ mú orúkọ 12 nínú 40 yẹn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ewì tó dárúkọ gbogbo nǹkan ti di ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù.
4. Ẹ kọ ègbè. Ọ̀rọ̀ 4 sí 8, kí àwùjọ lè gbé e nígbà kejì tí wọ́n bá gbọ́ ọ. “Òkúta kẹta ń mì, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́” tó. Ègbè tó gùn jù, àwùjọ á kùn lábẹ́nú dípò kí wọ́n gbè é.
5. Ẹ gé ìlà 3 àkọ́kọ́ kúrò. Ní àkọ́kọ́ kíkọ, ìlà wọ̀nyẹn sábà máa ń jẹ́ ibi tí akéwì ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ewì gan-an ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kẹrin.
6. Ẹ kà á fún onílé kan kí ẹ tó kà á fún akéwì ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹ bi í pé: “Kí ni mo ṣì sọ?” Ẹ má bi í bóyá ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ.

### Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́

Bí ewì yín bá jẹ́ ti Yorùbá, tí ẹlòmíràn sì máa kà á lórí ìtàgé, ẹ fi gbogbo àmì sí ìwé tí yóò mú dání. Ẹni tó mọ èdè dáadáa náà ń kọsẹ̀ bí iná bá mọ́ ọn lójú. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, lórí ìwé tí kò lámì, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn. Àmì ìsàlẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá kọ “ẹni tó kọ́lé yìí” láìfi àmì sísàlẹ̀, tí òǹkàwé bá pè é ní “ẹni tó kólé yìí”, ẹ ti sọ ẹni tó tẹ àdúgbò dó di olè níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ lè lo ohùn fún ewì náà pẹ̀lú. Ẹ fi ìlà méjì wéra, kí wọ́n jọra títí dé ọ̀rọ̀ méjì ìkẹyìn, kí ohùn ìkẹyìn sì yàtọ̀:

> Ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà wọlé wá,
> Ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà jáde lọ.

“Wá” gbé ohùn sókè, “lọ” sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín. Olùgbọ́ yóò mọ̀ pé nǹkan parí kó tó mọ ohun tó parí. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ fi orin sí i: orin tó bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ kó wálẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà, àwùjọ á sì gbọ́ ohun tí ẹ kò sọ. Fún orúkọ tó wá láti èdè mìíràn, ẹ pè é bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é, kì í ṣe bí ìwé ṣe kọ ọ́, kí gbogbo akéwì tó wà nínú ètò sì fẹnu kò lórí ìpè kan.

### Ó ti gùn tó?

Nínú ìdíje ewì tí wọ́n ń pè ní slam, èyí tó tàn kálẹ̀ láti Chicago ní àwọn ọdún 1980, ìṣẹ́jú 3 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10 lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gé máàkì. Kódà bí ẹ kò bá ṣe ìdíje, ìwọ̀n náà dára. Ẹ dìde dúró, ẹ kà á sókè, ẹ fi aago sí i. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 3 gééré nínú yàrá yín, ó ti gùn jù, nítorí ẹ̀rín àti ègbè yóò fi kún un. Ẹ fojú sí ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀.

## Ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín

Ibí yìí ni ètò tó dára ti ń bàjẹ́ jù, nítorí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

- Orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè: ẹ gba àṣẹ, kódà bí oore lẹ fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ẹ lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é: “aránṣọ”, “onílé aláràbarà”.
- Oríkì ìdílé: oríkì ní ẹni tó ni ín. Kí ẹ tó fi í sínú ewì yín, ẹ bi ìdílé náà bóyá wọ́n fẹ́ kó jáde ní gbangba, ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kì í. Àṣìṣe nínú oríkì ń dunni ju èébú lọ.
- Ìwà ọ̀daràn àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀: ẹ má ṣe tọ́ka sí ilé. Àwọn mìíràn ń gbé ibẹ̀ báyìí.
- Ìyà: ẹ má ṣe sọ òrùlé tó ń jò di ẹwà. Ẹni tí òjò ń pa lábẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú yín. Bí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i: ta ló gbé garawa wá, ta ló gun orí òrùlé.
- Àwòrán àtijọ́: ẹni tó ní àwòrán lọ́wọ́ lè má jẹ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ètò.

## Ìdánrawò

Ẹni tó há ewì sórí yóò rí ojú àwùjọ. Ẹni tó ń ka ìwé yóò rí ìwé. Ṣùgbọ́n kíkà tó dán mọ́rán sàn ju àkọ́sórí tó ń ta gẹ́gẹ́.

1. Ẹ pín ewì sí ìpín 4. Ẹ kọ́kọ́ há ìpín ìkẹyìn, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀, títí dé ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí, bí ẹ ṣe ń lọ síwájú lórí ìtàgé, ibi tó dá yín lójú jù ni ẹ ń lọ bá.
2. Ẹ máa rìn tí ẹ bá ń há a. Bí ewì náà bá tẹ̀ lé òpópónà, ẹ lọ rìn ín lórí òpópónà náà gan-an.
3. Ẹ yan ibi ìdákẹ́jẹ́ 3, ẹ fi ìlà pupa sí i. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 dà bí ọdún kan fún ẹni tó dúró níbẹ̀. Ẹ má gé e kúrú.
4. Ẹ ké e níbi tí ariwo wà. Yàrá tó dákẹ́ kò kọ́ni ní nǹkan.
5. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìgbàgbé: ẹ padà sí ègbè. Àwùjọ yóò gbè é, ìlà tó sọnù á sì padà wá.

## Ètò ìrọ̀lẹ́ ìṣẹ́jú 90

Ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í ráhùn pé ewì kéré jù.

- Ìkíni àti ìkọ́ni ní ègbè: ìṣẹ́jú 5
- Akéwì 4, ìṣẹ́jú 6 ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfihàn àti pípààrọ̀: 24
- Ìsinmi: 15
- Máìkì fún gbogbo ènìyàn, ẹni 5, ìṣẹ́jú 3 ẹnì kọ̀ọ̀kan: 15
- Akéwì 4 mìíràn: 24
- Ègbè àjùmọ̀kọ: 7

Ẹ fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù sí ipò kejì àti ipò ìkẹyìn. Ipò àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ṣì ń wá àga. Kí àgbà tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ̀rọ̀ ṣáájú ìsinmi, kí àwọn ènìyàn lè lọ bá a nígbà ìsinmi. Kí olóòtú ètò má ṣe túmọ̀ ewì kí wọ́n tó ké e. Orúkọ akéwì, orúkọ ewì, ó tó.

### Bí ẹ bá fẹ́ rìn dípò kí ẹ jókòó

Ìrìn ewì máa ń dára ju ìjókòó lọ fún àdúgbò kékeré. Ibi ìdúró 6, kí gbogbo ọ̀nà má ju kìlómítà 1 lọ, kí èrò má ju 25 lọ bí kò bá sí ẹ̀rọ. Akéwì yóò ti dúró síbẹ̀ kí èrò tó dé. Kó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kó kọjú sí èrò, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ lójú rẹ̀, ẹni tó wà ní ẹ̀yìn kò ní gbọ́. Ẹ rin ọ̀nà náà pẹ̀lú ẹni tó ń lo ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́ aláìlera kí ẹ tó polówó rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ẹ kò rí ni òun máa kọ́kọ́ rí.

## Máìkì àti ohùn

Máìkì tó sún mọ́ ẹnu ní 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, tó sì dojú kọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀ dípò iwájú gan-an, kò ní máa fẹ́ “fùú” tí ẹ bá pe b tàbí f. Ẹ má fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ bí olórin ṣe ń ṣe. Ìyẹn ló máa ń mú un han. Bí ó bá ti ń han, ẹ wo ibi tí sípíkà wà: iwájú máìkì ló yẹ kó wà, kó kọjú sí àwùjọ, kí máìkì má lè gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ jáde.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré jù, kì í ṣe ẹni tí tirẹ̀ rinlẹ̀ jù. Kí ẹnì kan dúró sí ìlà ìkẹyìn, kó gbé ọwọ́ sókè bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìlù àti gìtá yẹ kó wà nísàlẹ̀ ohùn pátápátá. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìlù ju ọ̀rọ̀ lọ, ó ti di nǹkan mìíràn.

Àyẹ̀wò ọjọ́ ètò

- Ìwé àṣẹ láti lo ibẹ̀, tí ẹ tẹ̀ jáde, tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀
- Àwọn aládùúgbò tí sípíkà kọjú sí ti gbọ́, wọ́n sì mọ aago tí yóò parí
- Máìkì méjì, bátìrì tuntun fún èyí tí kò ní wáyà
- Wáyà tó wà nílẹ̀, tí ẹ fi téèpù lẹ̀ mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin
- Ẹ̀dà gbogbo ewì lọ́wọ́ olóòtú, ní lẹ́tà ńlá
- Ibi tí ẹ ó sá sí bí òjò bá dé, àti ẹni tí yóò pàṣẹ rẹ̀
- Omi tí kò tutù fún akéwì
- Àga ní ìlà iwájú fún àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò

## Bí agbára kò bá tó

Ìtàgé kì í ṣe dandan. Ewì ìlà 6 lè wà lára gíláàsì fèrèsé, tí ẹ fi gègé ẹfun tó ṣeé fọ̀ kọ, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín. Ìwé A4 kan ṣoṣo, bí ẹ bá ká a lọ́nà tó yẹ tí ẹ sì gé àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò di ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé 8. Ẹ lè tẹ ewì 6 sínú rẹ̀, pẹ̀lú máàpù lẹ́yìn. Tàbí kí ẹ gba ewì sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi kóòdù QR sára ògiri níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ dán kóòdù náà wò lórí fóònù àtijọ́ àti nínú òòrùn. Pépà tó ń dán kì í jẹ́ kí fóònù rí i. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ náà la fẹ́ràn jù. Fèrèsé á di fífọ̀, kóòdù á kú lọ́jọ́ tí ojú ìwé rẹ̀ bá wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé pẹlẹbẹ á wà nínú àpótí ẹnì kan.

## Lẹ́yìn ètò

1. Láàárín ọjọ́ 2, ẹ kó gbogbo ohùn kúrò lórí fóònù. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ẹ̀rọ 2, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn.
2. Ẹ sọ fáìlì lórúkọ tó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀: ọdún, oṣù, ọjọ́, òpópónà, àkọlé ewì. “Ohùn tuntun 7” kò ní yé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọdún kan.
3. Ẹ fi àwọn ìwé àṣẹ pọ̀ mọ́ ohùn náà, kì í ṣe sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Bí ilé ìkàwé tàbí musíọ̀mù kan bá fẹ́ gbà á, ìyẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.
4. Ẹ mú ẹ̀dà títẹ̀ lọ fún gbogbo ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ní ọwọ́, kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá. Ẹ mú gègé dání. Wọn yóò tún orúkọ kan ṣe, wọn yóò sì sọ òmíràn tí ẹ kò gbọ́ rí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó dìde.